Bọ́ọ̀sì Ti Gba Gáàsì, Ilé Gáàsì Ló Kù

Kí n sọ òótọ́ inú mi: kì í ṣe nítorí afẹ́fẹ́ ni mo ṣe gbé gáàsì sínú bọ́ọ̀sì mi. Owó ló lé mi débẹ̀. Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, lítà bẹntiróòlù kan kò tíì pé ₦200 níbi tí mo ti ń rà á. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti ju ìlọ́po méjì lọ. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,000. Ìbàdàn sí Èkó ni mo ń ná, láti Ìwó Road dé Berger, pẹ̀lú irú bọ́ọ̀sì tí gbogbo gáréèjì ń pè ní Hummer. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé epo la kọ́kọ́ ń yọ nínú owó ọkọ̀, kí á tó yọ owó gáréèjì, kí á tó yọ ti agbèrò, kí á tó yọ ti mẹkáníìkì, kí awakọ̀ tó wá ka èyí tó ṣẹ́ kù. Epo wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ gbogbo rẹ̀ tán.

A fi kún owó ọkọ̀, èrò sì dín kù. Ẹni tó ń lọ wo ìdílé rẹ̀ l'Ékòó ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Àwọn awakọ̀ kan dá kọ́kọ́rọ́ pa dà fún olówó ọkọ̀, wọ́n wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Àsìkò yẹn ni ìròyìn ètò CNG, ìyẹn gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ fún ọkọ̀, tí Ààrẹ gbé kalẹ̀ ń dé gáréèjì. Wọ́n ní ₦230 ni wọ́n á máa ta ìwọ̀n gáàsì kan, ìwọ̀n náà sì ń ṣe iṣẹ́ tí nǹkan bíi lítà epo kan ń ṣe. Èmi kò dúró kí ẹnikẹ́ni tún un sọ fún mi.

Gáàsì tí mo ń wí yìí kì í ṣe gáàsì ìdáná, ó sì yẹ kí gbogbo èrò ọkọ̀ mọ ìyàtọ̀ wọn. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jò, ilẹ̀ ló ń rọra tẹ̀ sí, á máa dúró de iná. CNG fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ. Òkè ló ń gbà lọ bó bá rí àyè. Òun ni gáàsì abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sun dànù ní agbègbè Niger Delta tipẹ́tipẹ́, òun náà sì ni ọ̀pá ńlá ń gbé láti Escravos wá sí Èkó fún ilé iṣẹ́ iná Egbin. Kí ó tó lè wọ inú sílíńdà ọkọ̀, wọ́n á fún un pọ̀ títí agbára rẹ̀ á fi tó 200 bar. Agbára yẹn ju ti sílíńdà ìdáná lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá rọ CNG sínú sílíńdà tí wọ́n ṣe fún ìdáná fi ń gbé bọ́ǹbù rìn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni ríwáyà tó gbé gáàsì sínú ọkọ̀ mi, ó ti gba ẹ̀kọ́ lórí iṣẹ́ náà, ó sì ní ìwé àṣẹ. Mo jókòó tì í títí ó fi parí iṣẹ́. Ó de sílíńdà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú irin tó nípọn. Ó fa páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ibẹ̀ gba abẹ́ ọkọ̀ wá sí iwájú. Ó so ó mọ́ ẹ̀rọ kan tó ń rọ agbára gáàsì náà lójú kí ó tó dé ẹ́ńjìn, ó sì fi kọ̀ǹpútà kékeré kan síbẹ̀ tó ń sọ ìgbà tí gáàsì máa wọlé àti bó ṣe máa pọ̀ tó. Bọ́tìnnì kékeré wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù tó ní iná wínníwínní. Bí gáàsì bá ti ń lọ sílẹ̀ ni iná náà ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Epo ni ọkọ̀ fi ń jí láàárọ̀. Tí ẹ́ńjìn bá ti gbóná díẹ̀, á yí ara rẹ̀ sí gáàsì, ẹni tó jókòó sẹ́yìn kò ní mọ̀.

Bó ṣe ń parí iṣẹ́, ó ní, "Bàbá, ẹ má jẹ́ kí táńkì epo yín gbẹ o."

Mo ní, "Kí ló dé? Ṣebí nítorí kí n má baà ra epo mọ́ ni mo ṣe wá bá ọ?"

"Epo ló ń tu pọ́ǹpù epo lára, sà. Bó bá gbẹ, pọ́ǹpù á jó. Ẹ máa fi díẹ̀ síbẹ̀ nígbà gbogbo."

Ọ̀rọ̀ yẹn kúrú, ṣùgbọ́n mo ti rí awakọ̀ tí kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún, tí ó sì ra pọ́ǹpù tuntun. Àwọn ohun mìíràn, ojú ọ̀nà ló kọ́ mi. Pọ́lọ́ọ̀gì tó ti rẹ̀, tí epo ṣì ń gbà bẹ́ẹ̀ jó, gáàsì kò ní gbà á. Ọkọ̀ á máa já. Gáàsì fẹ́ iná tó le. Ìdí nìyí tí mo fi ń pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì kí ó tó di wàhálà. Agbára ẹ́ńjìn náà ń dín díẹ̀ pẹ̀lú, torí gáàsì ń gba àyè tó yẹ kí afẹ́fẹ́ wà. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ kò ní mọ̀. Bí èrò bá kún, tí ẹrù sì wà lórí, tí ẹ ń gun òkè, ẹ máa mọ̀, ẹ ó sì yára fa jíà sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo ti ń lò ó fún ìgbà díẹ̀ ni mo wá kíyè sí ohun tí kò sí nínú ìṣirò mi rárá. Mo fi àkísà funfun nu ihò sàlẹ́ńsà, àkísà náà kò dúdú. Awakọ̀ tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ló lè mọ bí èyí ṣe rí lára mi. Èéfín la fi ń mọ ara wa. Tó bá funfun, a ó ní omi ti wọ ẹ́ńjìn. Tó bá búlúù, a ó ní ẹ́ńjìn ń jẹ ọ́ìlì. Tó bá dúdú, a ó ní epo pọ̀ jù tàbí kò jó tán. Gbogbo rẹ̀ la mọ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì àìsàn ọkọ̀. Ta ló ń fa á símú, a kì í béèrè.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ènìyàn tó wà ní gíga ibi tí sàlẹ́ńsà wà. Ní Berger, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń ta gàálà àti omi tútù ń sáré láàárín ọkọ̀ méjì tí àwọn méjèèjì ń tu èéfín. Ìyá tó pọn ọmọ dúró lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, ó ń dúnàádúrà owó ọkọ̀ pẹ̀lú kọ̀ndọ́. Orí ọmọ náà kò ga ju fèrèsé ẹ̀yìn lọ. Agbèrò tó ń pe èrò láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ kì í kúrò nídìí ọkọ̀ tó ń tu èéfín sí i lẹ́sẹ̀. Ìwádìí Báńkì Àgbáyé kan ṣírò pé ní ọdún 2018 nìkan, nǹkan bíi 11,200 ènìyàn ló kú ṣáájú àkókò wọn ní Èkó nítorí afẹ́fẹ́ burúkú, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọkọ̀, ilé iṣẹ́ ńláńlá àti jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n tọ́ka sí. Lọ́dún 2012, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí jẹjẹrẹ ti ka èéfín dísẹ̀lì mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Bẹntiróòlù tí a ń fi ẹnu fa nínú rọ́bà láti ọjọ́ pípẹ́ náà ní benzene nínú, benzene sì ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ẹnikẹ́ni kò sọ èyí fún wa nígbà tí à ń kọ́ ọkọ̀. Mo ń sọ ọ́ nísinsìnyí fún gbogbo ọmọ tó bá wá bá mi kọ́ṣẹ́, mi ò sì jẹ́ kí èyíkéyìí nínú wọn fi ẹnu fa epo níwájú mi mọ́.

Ìbẹ̀rù èrò ni wàhálà àkọ́kọ́. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2024, sílíńdà ọkọ̀ kan bú nílé gáàsì kan ní ìlú Benin nígbà tí wọ́n ń rọ gáàsì sínú rẹ̀. Àwọn aláṣẹ ètò CNG sọ pé wọ́n ti jó irin mọ́ sílíńdà náà, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n fọwọ́ sí. Àwòrán rẹ̀ gba orí fóònù gbogbo ènìyàn kan. Ìyá àgbà kan fẹ́ wọ ọkọ̀ mi ní Ìwó Road lẹ́yìn ìgbà náà, ó bojú wo ẹ̀yìn, ó dúró.

"Dẹ́rẹ́bà, kí lẹ gbé sẹ́yìn wa yìí? Ṣé kì í ṣe irú èyí tó bú ní Benin?"

"Màmá, gáàsì ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú rẹ̀. Ẹ wá wo ara rẹ̀ níbí: ọdún tí wọ́n ṣe é àti ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún un yẹ̀ wò, wọ́n fín gbogbo rẹ̀ sára irin. Ẹ wò ó bóyá ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀."

Màmá fọwọ́ kàn án, ó wọ ọkọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò bò ó mọ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó wò ó. Inú mi kì í dùn sí àwọn awakọ̀ tó ń fi kápẹ́ẹ̀tì bo sílíńdà wọn kí èrò má baà sá. Èrò ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó jókòó lé, ibi tí wọ́n bá sì ti fi sílíńdà pamọ́ ni àwọn oníjìbìtì á ti rí àyè gbé irin alójópọ̀ sí.

Ìbẹ̀rù ní oògùn. Ilé gáàsì tí kò sí, òun ni mi ò rí oògùn rẹ̀. Sílíńdà kan kì í gbé mi lọ Èkó kó gbé mi bọ̀. Mo gbọ́dọ̀ rọ gáàsì lójú ọ̀nà, àwọn ibi tí wọ́n ti ń tà á kò sì tó nǹkan. Èrò kò ní jókòó sínú ọkọ̀ kí n máa to ìlà gáàsì, nítorí náà kí n tó gbé èrò ni mo gbọ́dọ̀ ti rọ ọ́. Èyí túmọ̀ sí pé òru ni mo ń lọ. Mo ti sùn sórí síárìn lẹ́yìn tírélà, tí kẹ̀kẹ́ Maruwa mélòó kan wà níwájú mi, tí takisí tò lẹ́yìn wọn, tí ìlà náà yí lọ kọjá igun. Mo ti dé iwájú lówùúrọ̀ kùtù kí wọ́n tó sọ pé gáàsì ti tán, pé ọkọ̀ ajágbé tó máa gbé òmíràn wá ṣì wà lójú ọ̀nà. Ibùdó tí kò sí lórí ọ̀pá, ọkọ̀ ajágbé ló ń gbé gáàsì lọ bá a láti ibùdó ńlá. Tí ọkọ̀ náà bá bàjẹ́, tàbí tí ojú ọ̀nà bá há, gbogbo wa ń dúró.

Ẹni tó dé ìdí ẹ̀rọ náà kò tíì bọ́. Ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì pọ̀ máa ń rẹ̀ bí ọkọ̀ bá pọ̀ jù, iná á bọ́, agbára á lọ sílẹ̀. Wọ́n á ní ó ti kún, ẹ ó wo àmì, kò dé 200. Kódà tó bá dé ibẹ̀, gáàsì tí wọ́n yára rọ máa ń gbóná nínú sílíńdà. Tó bá tutù tán, ẹ ó rí i pé ó ti fà sẹ́yìn. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò rẹ̀ pé òun á dé Ìbàdàn lórí ohun tí àmì sọ nídìí ẹ̀rọ, Ogere ni iná máa kú fún un. Á yí bọ́tìnnì sí epo.

Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ èyí tí mo fẹ́ sọ yìí nínú gbogbo ìpàdé tí wọ́n pè wá sí. Sílíńdà wúwo gan-an. Ọkọ̀ tó gbé sílíńdà tí kò sí gáàsì nínú rẹ̀ ń jó epo ju ọkọ̀ tí kò gbé nǹkan kan lọ. Mo mọ àwọn awakọ̀ tí wọ́n tò, tí ó sú wọn, tí wọ́n sì pa dà sí bẹntiróòlù pátápátá, sílíńdà wọn ṣì wà lẹ́yìn ọkọ̀. Nínú ìwé ìjọba, ọkọ̀ tó mọ́ ni wọ́n. Lójú ọ̀nà, èéfín wọn ti pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí ẹ bá ka iye ọkọ̀ tí wọ́n ti yí pa dà láìka iye ibi tí wọ́n ti lè rọ gáàsì, ẹ ò tíì mọ ohun tí afẹ́fẹ́ jèrè.

Delhi ti kọjá ibi tí a wà yìí. Lọ́dún 1998, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà pàṣẹ pé gbogbo bọ́ọ̀sì èrò ìlú náà gbọ́dọ̀ yí sí gáàsì. Ọkọ̀ ń yí, ibùdó kò tó, àwọn awakọ̀ ń fi wákàtí gbọọrọ tò, títí dé àsìkò tí bọ́ọ̀sì ṣọ̀wọ́n lójú pópó. Wọn kò tíì parí rẹ̀ títí ọdún 2002 fi ń lọ sópin. Èéfín dúdú bọ́ọ̀sì dín kù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ dísẹ̀lì ń pọ̀ sí i lápá kejì, ìlú ń fẹ̀, lónìí Delhi ṣì wà lára àwọn ìlú tí afẹ́fẹ́ wọn burú jù láyé. Èmi kò gbà á bí ìdí láti má ṣe é. Ó kàn ń sọ fún mi pé gáàsì nìkan kò tó. Gáàsì náà kò sì mọ́ tán: ó ń jó, ó ń tú èéfín tí ojú kò rí, èyí tó bá sì jò láìjó ń mú ayé gbóná ju èéfín náà lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Mo ń lò ó nítorí pé ó dára ju ohun tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì wà lárọ̀ọ́wọ́tó mi.

Orísun èéfín ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ń pa dà sí: irú ọkọ̀ àti irú epo tí à ń kó wọlé. Ẹ wo ọkọ̀ tọ́kùnbọ̀ tí à ń rà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ lọ́dún 2020 pé láàárín 2015 sí 2018, wọ́n kó mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù kéékèèké jáde láti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà, Áfíríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù. Nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn ń dé, wọ́n ti yọ kátálístì abẹ́ wọn. Èyí tó bá dé pẹ̀lú tirẹ̀, àwọn kan ń kiri gáréèjì láti rà á, nítorí irin olówó iyebíye tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n á gé e, wọ́n á jó páìpù lásán rọ́pò rẹ̀, wọ́n á ní ọkọ̀ á mí dáadáa. Ohun tó ń pa májèlé inú èéfín kí ó tó jáde ni wọ́n gé tà yẹn. Síbẹ̀, bí wọ́n bá fi sílẹ̀, epo tí à ń rọ síbẹ̀ lè bà á jẹ́, nítorí súfúrù inú rẹ̀. Nígbà tí Yúróòpù ti fi òté lé e pé kí súfúrù má ju 10 lọ nínú mílíọ̀nù kan, Nàìjíríà ṣì ń gba 3,000 láàyè nínú dísẹ̀lì. Ọdún 2020 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fẹnu kò pé kí epo tí à ń kó wọlé má kọjá 50 láti ọdún 2021. Ẹ kò lè dá mẹkáníìkì nìkan lẹ́bi kí ẹ fi ẹni tó ta epo sílẹ̀.

Mo gbà gbọ́ pé iná mànàmáná ló máa gba iṣẹ́ yìí níkẹyìn. Mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó ń ná Mile 2 sí Marina láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023. Kò sí èéfín, kò sí ariwo ẹ́ńjìn, kìlómítà 13 náà sì tán kí n tó mọ̀. Wọ́n fa iná tirẹ̀ lélẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń rìn. Ní Kùtọnu àti Lomé náà, àwọn ọlọ́kadà wà tó ń gun alùpùpù oníbátìrì. Bí bátìrì bá ń kú lọ, wọn kì í jókòó dúró kó kún. Wọ́n á yà sí ibùdó, wọ́n á fi èyí tó ti kú sílẹ̀, wọ́n á gbé èyí tó kún, wọ́n á sì máa lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Sàkété ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ohun tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ tó gbé alùpùpù dé, òun náà ló gbé ibùdó bátìrì dé. Ṣùgbọ́n ìlà iná tiwa ní Nàìjíríà wó lulẹ̀ léraléra lọ́dún 2024, bí mo bá sì ra bọ́ọ̀sì oníbátìrì lónìí, jẹnẹrétọ̀ ni mo máa fi rọ ọ́. Mo máa kó èéfín kúrò ní Berger, mo máa gbé e lọ sẹ́yìn ilé mi.

Nítorí náà, ilé gáàsì la ń béèrè fún lọ́wọ́lọ́wọ́. Ibi tí èrò wà ló yẹ kó wà, nítòsí gáréèjì, kí awakọ̀ lè rọ gáàsì nígbà tó bá ń dúró de ipò rẹ̀. Kí ẹ̀rọ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, kí iná tirẹ̀ má dá lórí ìlà ìjọba nìkan, kí ẹni tó mọ sílíńdà wà níbẹ̀ tó máa yẹ ọjọ́ ara rẹ̀ wò kí ó tó so rọ́bà mọ́ ọn, kó sì lé èyí tó bá ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ pa dà láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Àwa awakọ̀ ti kọ ìwé sí àwọn aláṣẹ lórí ilẹ̀ kan tó ṣófo nítòsí gáréèjì wa, a kọ iye ọkọ̀ tó ti ní sílíńdà, a sì sọ pé a ó dá owó sí i. Wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú pé wọ́n ti gbà á. Títí di ìgbà tí mo ń kọ èyí, ẹnikẹ́ni kò tíì wá wo ilẹ̀ náà. Lóṣù tó ń bọ̀, a ó tún kọ òmíràn.